Ẹ Má Da Àgbá Náà Nù

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní oṣù tí ó kọjá, tí mo kà ní àkàtúnkà. Ìyá olóúnjẹ kan ni ó kọ ọ́ láti àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ti ń jẹun ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ìyá yìí kò ráhùn nítorí oníbàárà, nítorí wọ́n ń wá. Owó ohun ìdáná ni ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Ó ní igi ni òun fi ń se ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá, gáàsì onísílíńdà ni òun sì fi ń se ọbẹ̀. Èéfín ti sọ ojú òun di pupa, ikọ́ kò sì jẹ́ kí òun sùn ní òru. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì ni ó gbé àgbá oníke kan wá sí ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ kan. Ó so rọ́bà mọ́ ọn ní orí, ó dé e pa, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń kó èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, háríhá, pòròpórò àgbàdo àti ewé Akíntọ́lá tí ó kún ẹ̀yìnkùlé sínú rẹ̀, gáàsì tí a lè fi dáná yóò máa ti inú rẹ̀ jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Wọ́n ṣá iná sí ẹnu rọ́bà, iná kò ràn. Òórùn kíkan ni ó jáde, onílé sì ní kí wọ́n gbé ohun ìríra náà kúrò ní ilé òun. Inú bí ìyá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ líle sí ọmọ rẹ̀ ní ojú àwọn oníbàárà. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò yà kí ìyá rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú lẹ́tà náà: ṣé irọ́ ni ọ̀rọ̀ gáàsì yìí, àti pé ṣé kí òun da àgbá náà nù?

Ìyá wa, ẹ má da àgbá náà nù. Òtítọ́ ni ọmọ yín sọ. Ohun kan ni ó fò dá, ohun náà sì ti wà ní ìkáwọ́ yín láti ìgbà tí ẹ ti mọ oúnjẹ sè.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá

Gáàsì tí à ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní báyógáàsì. Bí ewé, èèpo tàbí ìgbẹ́ ẹran bá ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè wọlé, àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kìíní ń tú oúnjẹ náà palẹ̀ kí ó lè yòrò nínú omi. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ ọ́ di oríṣiríṣi omi kíkan. Ọ̀wọ́ kẹta ń sọ omi kíkan wọ̀nyí di irú èyí tí ó wà nínú fínígà. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn ni ó wá ń mú mẹ́téènì jáde, èyí tí í ṣe gáàsì tí ń jó. Nínú báyógáàsì tí ó dára, mẹ́téènì máa ń tó 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù ni irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sóde, ìyẹn kì í sì í jó.

Bí ọ̀wọ́ kan bá lọ́ra, gbogbo iṣẹ́ ni yóò lọ́ra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹni tí ń bó ẹ̀gẹ́ kò bá tètè bó o, ẹni tí yóò yan gààrí yóò jókòó ti agbada òfìfo. Nínú àgbá tí a kó ewéko sí, ọ̀wọ́ kìíní ni ó máa ń lọ́ra jù. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun líle kan wà nínú ewéko tí wọ́n ń pè ní lignin. Òun ni ó ń mú kí pòròpórò lè nàró nínú ìjì, ó sì yí oúnjẹ inú ewéko ká bí ògiri ṣe yí àgbàlá ká. Kòkòrò kò ní ọ̀bẹ, kò ní eyín. Bí ẹ bá ti pòròpórò odindi bọ inú àgbá, yóò léfòó sí ojú omi, yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ bí ẹ ṣe kó o sí i.

Ìgbẹ́ màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Màlúù ti fi eyín rún koríko náà, ó ti jẹ ẹ́ ní àpọ̀jẹ, ó sì ti gba inú ikùn kọjá níbi tí irú àwọn kòkòrò yìí gan-an ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ màlúù fi ń tètè mú gáàsì wá. Ohun tí eyín àti ikùn màlúù ṣe fún koríko ni ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ ṣe fún pòròpórò kí ó tó wọ inú àgbá.

Ẹ rántí ẹ̀wà. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wà líle ka iná, ẹ lè jó odindi ìdì igi kan kí ó má rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kán-ún díẹ̀ sí i, kò ní pẹ́ rọ̀. Kán-ún yìí kan náà ni ẹ ń fi sí ewédú. Kán-ún ń tú ohun tí ó so ara ẹ̀wà pọ̀. Omi eérú ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ewéko líle: ó ń tú ìdè lignin kí kòkòrò lè rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ìyá wa aláró ti ń sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò aró láti ayébáyé, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú sì ti ń fi eérú èèpo kòkó ṣe é. Ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ewé Akíntọ́lá àti àwọn onímọ̀ Òmù-Àrán

Ewé tí ẹ dárúkọ nínú lẹ́tà yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Awólọ́wọ̀, kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé àárín irúgbìn igi gmelina tí a kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá wọ Nàìjíríà. Ó gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ títí a fi fi orúkọ àwọn olóṣèlú ńlá méjì pè é. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1966. Orúkọ rẹ̀ náà ni a fi pe yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1990 ní ìlú rẹ̀. Nítorí náà, ewé àti yunifásítì jọ ń jẹ́ orúkọ kan ní àdúgbò yín.

Ní ọdún 2017, Ọ̀mọ̀wé Dáhùnsí ti Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ewé yìí. Wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ láti fi ṣe báyógáàsì. Wọ́n lọ ewé náà, wọ́n fi ooru àti oògùn tọ́jú rẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì fi wé èyí tí a kò tọ́jú bẹ́ẹ̀. Èyí tí a tọ́jú ni ó mú gáàsì púpọ̀ jù wá. Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí èèpo kòkó pẹ̀lú. Ohun tí à ń fi àdá ṣá dànù ní ẹ̀yìnkùlé, oúnjẹ ni fún àgbá bí a bá mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Kì í ṣe ilé ìwádìí nìkan ni a ti mọ èyí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ará abúlé gbẹ́ kòtò báyógáàsì ní mílíọ̀nù mélòó kan, a kọ́ wọn pé kí wọ́n má kó pòròpórò gbígbẹ sínú kòtò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń kó o jọ ní òkìtì pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n sì ń bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó wọ kòtò.

Bí a ṣe ń tọ́jú ewéko kí ó tó wọ àgbá

Èkíní ni ìṣà. Ẹ ṣa òkúta, ọ̀rá, egungun àti igi líle kúrò. Ẹ má jẹ́ kí omi ọṣẹ tàbí oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé kàn án. Oògùn tí ó lè pa kòkòrò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní dá kòkòrò inú àgbá sí.

Èkejì ni gígé. Ẹ gé pòròpórò, háríhá àti ewé Akíntọ́lá wẹ́wẹ́, kí ó má gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí odó àtijọ́ kan bá wà nílẹ̀, ẹ gún un nínú rẹ̀. Ohun tí a gé wẹ́wẹ́ ní ojú púpọ̀ tí kòkòrò lè ti bù ú jẹ, kì í sì í tètè léfòó.

Ẹ̀kẹta ni rírẹ sínú omi eérú. Èyí wà fún ohun líle nìkan, bíi pòròpórò, háríhá, kùùkù àgbàdo, èèpo kòkó àti igi ewé Akíntọ́lá. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ bu eérú igi sínú garawa, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tòrò. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ rẹ ohun tí ẹ gé sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán ṣàn án títí kò fi ní yọ̀ mọ́ ní ọwọ́. Ẹ má da omi eérú náà fúnra rẹ̀ sínú àgbá lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí kán-ún tí ó pọ̀ jù ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Ní ti sódà líle tí a fi ń ṣe ọṣẹ, agbára rẹ̀ ju ti eérú lọ púpọ̀, ó sì ń bó ènìyàn lára. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní ilé ìwádìí.

Bí kò bá sí eérú, ẹ ṣe bí àwọn ará Ṣáínà. Ẹ kó ohun tí ẹ gé jọ ní òkìtì, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran, ẹ bomi rin ín, ẹ sì bò ó. Kí ó má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí ohun tí ó bá jẹrà tán ní ìta, gáàsì rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, èyí tí ó lè pa ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ gé e, kí ẹ sá a sí oòrùn, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ kí ẹ sì da omi àkọ́kọ́ nù níbi tí ẹran kò ti lè mu ún. Èèpo ẹ̀gẹ́ a tún máa tètè kan. Ẹ má kó púpọ̀ sínú àgbá ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún ni pípò mọ́ ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè lo garawa ìgbẹ́ màlúù mẹ́ta sí garawa kan ewéko tí a ti tọ́jú, kí omi sì tó ìwọ̀n ìgbẹ́. Ìgbẹ́ ni ó ń mú irúgbìn kòkòrò wá, bí omi ògì àná ṣe ń mú ògì tuntun tètè kan. Ó tún ń fún wọn ní nitrogen tí ó ṣọ̀wọ́n nínú pòròpórò.

Àwọn onímọ̀ tún máa ń fi omi gbígbóná tọ́jú ewéko. Ìyá ilé tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò. Bí igi tí a jó láti fi se pòròpórò bá ju gáàsì tí a ó rí lọ, àdánù ni. Oòrùn kò gba owó. Ẹ gbé àgbá dúdú sí ibi tí oòrùn wà, nítorí àwọn kòkòrò yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ooru tí ó tó 35 sí 40 ní ìwọ̀n Celsius.

Ìṣirò tí kò ní ẹ̀tàn

N kò ní tan yín jẹ. Kílò kan ìgbẹ́ màlúù tútù lè mú nǹkan bí lítà 40 báyógáàsì wá. Àgbá kan tí ó gba lítà 200, bí a bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní orí rẹ̀, tí oúnjẹ sì ń lo ogójì ọjọ́ nínú rẹ̀, kò lè gbà ju nǹkan bí kílò méjì ìgbẹ́ àti lítà méjì omi lọ ní ojúmọ́. Lítà 80 gáàsì nìyẹn, èyí tí yóò jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tó fún omi tíì àti ẹ̀kọ ọmọdé. Kò tó fún ìkòkò ìrẹsì yín. Bí a bá fẹ́ báyógáàsì tí agbára rẹ̀ tó ti sílíńdà oníkílò 12.5 kan, a nílò èyí tí ó lé ní lítà 25,000, ìyẹn láti inú ìgbẹ́ tí ó lé ní 600 kílò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àgbá yìí jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín. Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ̀yin olóúnjẹ mélòó kan lè pa owó pọ̀ láti mọ kòtò oníbíríkì tí ó tóbi, kí ẹ sì jọ máa pín gáàsì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lọ sí Ibùdó Songhai ní Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, èyí tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìdọ̀tí kì í ṣòfò ní ibẹ̀.

Wàhálà náà kò sì pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún sì wà nínú wọn. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ikọ́ òru yẹn. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó dúró de àgbá.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí àgbá yín

Ẹ ṣí i ní gbangba, níbi tí kò sí iná, kí ẹnikẹ́ni má sì ki orí bọ inú rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ohun gígùn tí ó léfòó kúrò, ẹ gé e, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí mo ti sọ. Òórùn kíkan tí ẹ gbọ́ fi hàn pé omi kíkan ti pọ̀ jù nínú àgbá, ọ̀wọ́ ìkẹyìn kò sì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kí ọmọ yín wá bébà lítímọ́sì. Bí èyí tí ó jẹ́ búlúù bá di pupa, ẹ da omi eérú sí i, ife kan ní ìgbà kan, kí ẹ máa rò ó, títí kò fi ní yí bébà náà padà mọ́. Ẹ da garawa ìgbẹ́ màlúù tútù kan sí i, ẹ dé e pa, kí ẹ má sì fún un ní oúnjẹ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Gáàsì tí ó bá kọ́kọ́ jáde kì í sábà jó. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ẹ bá ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ìfófó ọṣẹ ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe ìṣáná. Kí ọmọ yín sì jẹ́ kí rọ́bà náà gba inú ìgò omi kọjá kí ó tó dé ibi iná, kí iná má baà padà sínú àgbá. Omi tí ó bá ti inú àgbá jáde jẹ́ ajílẹ̀ dáadáa fún àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù. Ẹ lè bu díẹ̀ fún onílé fún oko rẹ̀, bóyá inú rẹ̀ yóò rọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ọmọ yín rí ìyá rẹ̀ tí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé èéfín, ó sì ronú ohun tí òun lè ṣe sí i. Ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Kò mọ ohun tí kán-ún ń ṣe fún ẹ̀wà. Ẹ̀yin mọ ti kán-ún. Ẹ kò mọ ti ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ojú àwọn oníbàárà ni ẹ ti bá a wí, ojú wọn náà ni kí ẹ ti pè é, kí ẹ bu oúnjẹ fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó mú ọ̀bẹ wá, kí ẹ jọ gé pòròpórò.

Ní ọjọ́ tí iná náà bá jó, ẹ kọ̀wé sí mi.